Ẹsẹ̀ Tó Wọlé Tí Kò Jáde

Ìrẹsì inú abọ́ náà ṣì gbóná. Ooru ń jáde lára rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbé yàrá náà kò sí níbẹ̀.

Rodiyat Ọlábánjọ dúró sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, kò tíì gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nínú basement, yàrá abẹ́lẹ̀ ilé kan ní Abbeydale, ní Calgary, ni wọ́n wà, ọ̀sán Sunday ni, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé kéékèèké tó wà lókè ògiri kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé. Lórí pẹpẹ pupa kan tó fi ara ti ògiri, ọ̀pá tùràrí mẹ́ta ń jó. Èéfín wọn ń gòkè tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Lẹ́yìn tùràrí ni abọ́ ìrẹsì wà. Lẹ́yìn abọ́ ìrẹsì ni àwòrán ọkùnrin kan wà nínú férémù dúdú, ó ń wo ẹni tó bá wọlé bí ẹni pé òun ni wọ́n wá kí.

Ọkùnrin inú àwòrán náà gan-an ni wọ́n ń wá. Láti àárọ̀ àná ni kò ti sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀.

"Mo ti sọ fún yín, mà." Ládélé ló ń sọ̀rọ̀ láti orí àtẹ̀gùn lókè. Òun ló ni ilé, ẹnjiníà ni, géńdé ọkùnrin tó ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n ó di ìgò òróró àdúrà mú bí ọmọdé ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. "Ayálégbé mi yìí kò sí láyé mọ́. Ta ló se ìrẹsì yẹn? Nírọ̀lẹ́ àná mo yọjú, abọ́ kún. Láàárọ̀ yìí mo yọjú, abọ́ ti ṣófo, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́! Ó tún ti kún báyìí. Òkú ń jẹun nínú ilé mi, mà!"

"Ṣé ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó dáadáa?"

"Èmi? Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀? Ẹnu ọ̀nà òkè yìí ni mo mọ. Òróró ni mò ń ta sí ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ìgò tán."

Rodiyat kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Abẹ́òkúta kó tó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá sí Calgary. Níbí, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ìlú náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá lọ́jú pọ̀, òun ni wọ́n ń pè kí ó wá tú u. Wùnmí Oyèwálé ló pè é láàárọ̀ yìí. Lọ́yà ni Wùnmí, oníbàárà rẹ̀ ni ọkùnrin tó sọnù.

"Ẹ̀gbọ́n, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni gbèdéke wa," Wùnmí wí. Ó jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ dáadáa, fáìlì kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó parí."

Quách Vinh ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Chú Tư ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Vietnam ni, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jọ sá kúrò nílé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò nínú àgọ́ àtìmọ́lé ní Hong Kong, lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún, kí Canada tó gbà wọ́n. Nígbà èwe rẹ̀ níbí, kó tó di ọmọ ìlú, ó bá ẹgbẹ́ burúkú gbé ẹrù olè, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí ó padà síbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n Vietnam kò fún un níwèé, ẹni tí kò níwèé kò sì ṣeé gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ni ó bá di pé lóṣooṣù, fún ọgbọ̀n ọdún, Chú Tư ń lọ fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè, bí ọmọ ilé ìwé tó ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Kò pa oṣù kan jẹ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìwé ìrìnnà dé láti Vietnam. Wọ́n ní kí ó wá ní Monday, kí ó gbé àpò kan ṣoṣo dání. Wọn yóò tì í mọ́lé. Ní Wednesday, ó di inú ọkọ̀ òfuurufú.

"Judge kan máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa ní Tuesday," Wùnmí wí. "Tí Chú Tư bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé lọ́la, a ṣì lè rí nǹkan sọ. Tí kò bá yọjú, ó ti di ìsáǹsá nìyẹn. Ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìsáǹsá? Officer wá yẹ ilé wò ní àárọ̀ àná, kò bá a. Inú ń bí wọn báyìí."

Ẹni kẹta tún wà nínú yàrá náà. Linh ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Chú Tư, obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ó dúró síwájú pẹpẹ, ó ká apá mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Auntie," ó wí fún Rodiyat lédè òyìnbó, "àwọn èèyàn wa kì í gbé àwòrán alààyè síbẹ̀. Láéláé. Ibi àwọn òkú ni. Bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀..."

Rodiyat sún mọ́ pẹpẹ. Ó wo àwòrán náà, ó sì wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wá wo ohun tó pa mí láyà jù, mà," Ládélé ké láti òkè. "Ìta ló wà."

* * *

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti gbẹ, koríko rẹ̀ rí bí irun ẹran tó ti kú. Ṣùgbọ́n láti géètì títí dé ẹnu ọ̀nà basement, àtẹ̀lẹ́sẹ̀ funfun tò tẹ̀léra lórí ilẹ̀. Wọn kò jìn wọlẹ̀ bí ojú ẹsẹ̀ gbogbo ṣe ń jìn. Wọ́n yọ sókè ni, bí ẹni pé ẹnì kan ń rìn ní abẹ́ ilẹ̀, tó sì ń fi àtẹ̀lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ayé láti ìsàlẹ̀.

Wùnmí fà sẹ́yìn. "Kí lèyí?"

"Ẹ kà á," Ládélé wí. "Mẹ́rìnlá. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Kò sí ọ̀kan tó jáde. Ọkùnrin náà wọ ilé mi, kò jáde, kò sì sí nínú ilé. Ẹ wá ṣàlàyé fún mi."

Rodiyat bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn. Yìnyín ni, ó le bí òkúta.

"Ọjọ́ wo ni snow rọ̀ kẹ́yìn?"

"Thursday."

"Chinook ńkọ́?"

"Friday. Atẹ́gùn gbígbóná yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ó fẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òtútù tún padà dé nírọ̀lẹ́ àná."

"Ó dáa. Ibi tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, snow ibẹ̀ á ki pọ̀. Atẹ́gùn gbígbóná á yọ́ èyí tó fúyẹ́, á fi èyí tó ki sílẹ̀. Àárọ̀ Friday ni Chú Tư tẹ àwọn wọ̀nyí, nígbà tó ń wọlé. Àárọ̀ àná ló jáde, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í tọ́jú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Ládélé wo ilẹ̀, ó wo Rodiyat. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe iwin?"

"Iwin wo ló ń wọ boot size eight?"

Wùnmí bú sẹ́rìn-ín, ọkàn Ládélé sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ tún yí padà. "Mà, bí ó bá ti jáde láti àárọ̀ àná, ta ló wá ń se ìrẹsì?"

"Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi nìyẹn," Rodiyat wí.

* * *

Ó padà sí basement. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ni kàlẹ́ńdà kan wà, irú èyí tí wọ́n ń ya ewé kan lára rẹ̀ láràárọ̀. Ewé òní ló wà níta. Ẹni tó lọ lánàá kò lè ya kàlẹ́ńdà lónìí. Rodiyat gbé ojú súnmọ́ ọn. Ní etí ewé náà, ibi tí ìka ti dì í mú láti ya èyí tó bò ó, àbàwọ́n kan wà tó ń dán. Ó gbóòórùn rẹ̀.

Òróró.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó gba ẹnu ọ̀nà tó já sí ilé ìdáná, ó sì rọra nu ọwọ́ ara rẹ̀ tí òróró ọwọ́ ilẹ̀kùn ti bà. Roseline, ìyàwó Ládélé, ń fọ abọ́. Nọ́ọ̀sì ni, láàárọ̀ ló ti ibi iṣẹ́ dé.

"Roseline, báwo ni?"

"Dáadáa ni, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tan tùràrí?"

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Roseline sínú omi. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn Rodiyat bóyá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Ṣeun gbọ́."

"Ọkọ rẹ ló tú ẹ fó. Ó fi òróró sí ọwọ́ ilẹ̀kùn kí ẹ̀mí òkùnkùn má ba à gòkè. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ló máa ní òróró lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láéláé. Ta ló kù nínú ilé?"

Roseline fa àga, ó jókòó. "Ọdún tí ìyá mi kú ní Ìlá, PR, ìwé ìgbélùú wa, kò tíì jáde. Bí mo bá lọ, mi ò ní lè padà wọlé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mò ń sunkún. Chú Tư ló jáde wá. Ó wọlé, ó bu ìrẹsì, ó ní kí n mú àwòrán ìyá mi wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi jókòó sórí pẹpẹ yẹn, mà. Ó ní ebi kò gbọdọ̀ pa ìyá èèyàn nítorí ìwé. Ní àárọ̀ àná, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kan ilẹ̀kùn yìí. Ó ní kí n máa bá òun bu ìrẹsì, kí n tan tùràrí, kí n ya kàlẹ́ńdà, kí àyè náà má ṣófo títí òun á fi dé."

"Sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí àyè náà má ṣófo títí òun á fi dé."

"Títí òun á fi dé," Rodiyat wí. Ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ẹni tó fẹ́ lọ pa ara rẹ̀ kì í dájọ́ àbọ̀. Ta ló wá ń jẹ ìrẹsì náà?"

Roseline fi ojú bolẹ̀. "Èmi ni. Ó ní bí tùràrí bá jó tán, òkú ti yó nìyẹn, kí alààyè jẹ ìyókù."

"Roseline!" Ládélé ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ìgò òróró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "O sọ fún mi lánàá pé o ń gbààwẹ̀!"

"Mo gbààwẹ̀ títí di agogo méjì, Bàbá Ṣeun."

* * *

Wọ́n ti padà sí basement nígbà tí fóònù Wùnmí dún. Fenwick ni, officer tí ọ̀rọ̀ Chú Tư wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wùnmí jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé a ti mọ ibi tí oníbàárà rẹ wà," Fenwick wí. "Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó fi pa mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ló bá a wá sí Canada, ó sì ti kú láti 1996."

"Ìyẹn ló ń sọ. Fáìlì Hong Kong wà níwájú mi. Ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n bí nínú ilé àwọn. Ṣùgbọ́n a ti ṣe ìwádìí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹnì Kẹrin ló túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n tó kú yẹn, Ẹnì Kẹta ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó wà ní Vietnam, Ẹnì Kejì. Báwo lèèyàn ṣe ń jẹ́ ẹni kẹrin nínú ọmọ mẹ́ta? Níbo ni Ẹnì Kínní wà? Àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nígbà náà bi í, kò rí èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í sòótọ́. A ti rí àgbàlagbà Quách kan ní Edmonton. Àwọn èèyàn wa ti wà lọ́nà."

Ó gé fóònù. Wùnmí di orí mú. "Ẹnì Kínní! Chú Tư ò sọ èyí fún mi rí."

Linh bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́ nínú basement yẹn, ó ń dún padà lára ògiri.

"Kò sí Ẹnì Kínní," ó wí. "Ní gúúsù Vietnam, kò sí ilé tó ní Ẹnì Kínní. Àkọ́bí ni à ń pè ní Ẹnì Kejì. Àwọn àgbà ní àwọn nǹkan kan wà tó máa ń wá mú àkọ́bí lọ. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, Ẹnì Kínní dà? Ará ilé á ní, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n á yí padà. Ẹnì Kejì, Ẹnì Kẹta, Ẹnì Kẹrin. Ọmọ mẹ́ta nìyẹn. Òótọ́ ló sọ."

Ọ̀pá tùràrí kan jó tán, eérú rẹ̀ ṣubú.

"A ní irú rẹ̀ nílé," Rodiyat wí nígbà tó yá. "Àwa náà ń sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́, à ń sọ ọmọ ní Ààtàn, kí ikú lè rò pé kò sí nǹkan gidi níbẹ̀. Nínú ìbejì, ẹni tó kọ́kọ́ jáde là ń pè ní àbúrò. Bí òyìnbó bá bi Táyé pé ta ni ẹ̀gbọ́n, tó sì ní Kẹ́hìndé ni, wọ́n á kọ ọ́ sí fáìlì pé òpùrọ́ ni."

Wùnmí ti ń ṣí ìwé lọ́kan-lọ́kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. 1994, wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀: ẹni tí kì í sòótọ́. 2003, bákan náà. 2011, bákan náà. Ẹnì kan ń da ọ̀rọ̀ ẹnì kejì kọ. Orí Ẹnì Kínní yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Tí mo bá rí Chú Tư gbé síwájú judge..."

"Jẹ́ ká rí i ná," Rodiyat wí.

* * *

Ó pè wọ́n sí igun tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà. Eruku bo ilẹ̀ ibẹ̀, àyàfi ojú kan tó gùn bí àpótí, tó mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òbìrìkìtì kékeré kan mọ́ bákan náà.

"Nǹkan gígùn kan kúrò níbí láìpẹ́. Sìlíńdà gáàsì kékeré náà kúrò. Linh, kí ló wà níbí?"

Linh gbé ọwọ́ bo ẹnu. "Àgọ́ ìpẹja bàbá mi. Èyí tí wọ́n ń pa sórí yìnyín. Chú Tư kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Inú adágún tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú ni bàbá mi kú sí. Yìnyín là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà."

"Ẹ wá wo ògiri yìí." Rodiyat nàka sí ẹ̀yìn àwòrán orí pẹpẹ. Ọ̀dà ògiri ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú kan wà lẹ́yìn férémù náà tí kò ṣá, ó sì tóbi ju férémù ọ̀hún lọ. "Àwòrán mìíràn ló ti ń jókòó síbí láti ọjọ́ yìí. Ti bàbá rẹ. Òun ni Chú Tư gbé jáde. Kò fẹ́ kí àyè náà ṣófo, ó fi ti ara rẹ̀ dí i. Àgbàlagbà wa tó bá fẹ́ dìde lórí àga níbi àpéjọ, fìlà rẹ̀ ló ń gbé sórí ìjókòó, kí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀."

"Ṣùgbọ́n kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀ báyìí?" Linh bi í. "February 15 ni bàbá mi kú. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Rodiyat já ewé òní kúrò lára kàlẹ́ńdà, ó gbé e sí wọn lọ́wọ́. Nọ́ńbà ńlá àárín rẹ̀ ni 26. Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà kékeré kan wà, 27, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù yí i ká.

"27, ọ̀la ni," Wùnmí wí. "Ọjọ́ tí wọ́n pè é. Ó ti ń ro ọjọ́ náà nìyẹn."

"Kí ló dé tí ọjọ́ ọ̀la fi wà lórí ewé òní? Mùsùlùmí ni mí, Wùnmí. Láti kékeré ni mo ti ń wo kàlẹ́ńdà tó ní nọ́ńbà méjì, ńlá fún oòrùn, kékeré fún òṣùpá. Ààwẹ̀ mi kò dé lọ́jọ́ kan náà lọ́dún méjì rí. Linh, òṣùpá ni Chú Tư fi ń ka ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ lo ń fi ìwé ilé ìwòsàn kà á."

Linh ti ń tẹ fóònù. Ó wò ó, ó tún un wò. "February 15, 1996. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá òṣùpá." Ó gbójú sókè. "Òní ni. Wednesday sì ni ọdún tuntun wa. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ."

Rodiyat ti ń wá jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: atẹ́gùn tó yọ́ snow ẹ̀yìnkùlé, kò ní fi yìnyín orí adágún sílẹ̀.

* * *

Nígbà tí wọ́n dé etí omi, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, kùrukùru funfun sì ti bo ibẹ̀ débi pé èèyàn kò mọ ibi tí yìnyín parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Apẹja kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ri pátákó mọ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun yìnyín. Lọ́ọ̀ọ́kán, nínú kùrukùru náà, ohun pupa kan ń tàn bí ẹyin iná tí eérú bò.

"Àgọ́ bàbá mi," Linh wí.

"Wùnmí, dúró síbí, di fóònù rẹ mú. Bí o bá gbọ́ tí a ké, pe àwọn panápaná. Linh, máa tẹ ibi tí mo bá tẹ̀."

Snow kò tán lórí adágún. Chinook kàn sọ ọ́ di bí ẹ̀kọ ni, òtútù alẹ́ sì ti tún mú un dì. Ẹsẹ̀ Chú Tư wà níbẹ̀ kedere, boot size eight, ipa sled tó fi wọ́ ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Rodiyat ń tẹ̀lé e. Yìnyín ń dún lábẹ́ wọn, ohùn gígùn kan tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, tó ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tó sì ń lọ. Ó ku bí ogún ìṣísẹ̀ kí wọ́n dé àgọ́ nígbà tí Rodiyat dúró.

Ẹsẹ̀ mìíràn wà níbẹ̀.

Láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti wá, láti àárín adágún, níbi tí yìnyín ti dúdú tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn. Wọ́n tò wá tààrà síbi àgọ́. Rodiyat wò wọ́n bí ó ṣe wo ti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wọlé. Wọn kò jáde.

"Auntie?" Linh pè é láti ẹ̀yìn.

"Máa bọ̀," Rodiyat wí. "Ẹsẹ̀ mi ni kí o máa wò."

Aṣọ ẹnu àgọ́ ṣí, Chú Tư yọrí. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ má gba apá ọ̀tún o," ó wí. "Ibẹ̀ ti rọ̀."

Linh sáré kọjá Rodiyat, ó dì mọ́ ọn, ó ń lù ú láyà, ó sì ń sunkún. "A rò pé ẹ ti kú! Wọ́n ní ẹ sá lọ!"

"Ta ló sá?" Ohùn ọkùnrin náà le. "Monday ni wọ́n pè mí. Òní ṣì ni Sunday. Ọgbọ̀n ọdún, èmi kò pẹ́ rí."

Inú àgọ́ náà móoru, gáàsì ń jó. Àwòrán ọkùnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yìnyín. Àga kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ife tíì méjì. Ọ̀kan kún, ọ̀kan ti ṣófo.

"Wọ́n sin òkú rẹ̀ dáadáa," Chú Tư wí fún Rodiyat, ó ń fi òyìnbó díẹ̀díẹ̀ sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tó kú sómi, inú omi ló ń wà títí ẹni rẹ̀ á fi wá pè é. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń dá mi padà sílé, ẹ bá mi ká lọ. Mo ti ń da owó ẹyọ méjì láti àná láti fi bi í léèrè. Bí ọ̀kan bá ṣí, tí ọ̀kan dé, ó gbà nìyẹn. Ọjọ́ kan gbáko. Kò gbà."

"Kò gbà nítorí pé mo wà níbí," Linh wí. "Báwo ló ṣe máa lọ fi mí sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà wò ó. Kò ro ìyẹn rí.

"Bàbá," Rodiyat wí, "ẹ bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ ká jọ sọ̀rọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè yín ní òpùrọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, a ti rí i."

Bí wọ́n ṣe ń padà, Rodiyat bi í jẹ́jẹ́, kí Linh má gbọ́. "Ṣé ẹ rìn dé apá ọ̀tún yẹn láti ìgbà tí ẹ ti dé?"

Chú Tư mì orí. "Ibẹ̀ ló ti là mọ́ ọn. Èmi kò jẹ́ débẹ̀."

* * *

Ní agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Monday, Chú Tư wọ ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè, àpò kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fenwick jáde wá pàdé wọn. Kò jọ pé ó sùn. Quách ti Edmonton kì í ṣe ìbátan ẹnikẹ́ni, ó sì ti ní kí lọ́yà òun pè wọ́n.

Wùnmí gbé ìwé tó fi òru kọ lé e lọ́wọ́. Fenwick kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì yíjú sí Chú Tư.

"Ìyẹn ni pé Ẹnì Kínní kò sí?"

"Kò sí rí," Chú Tư wí. "Àwọn tó ń wá a ti pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bí i."

Wọ́n tì í mọ́lé ní òru ọjọ́ kan. Ní Tuesday, judge gbọ́ ẹjọ́. Ó ka 1994, ó ka 2003, ó ka 2011, ó bi agbẹjọ́rò ìjọba bóyá ẹnikẹ́ni bi ọmọ Vietnam kan léèrè ní gbogbo ọdún yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba ní òun yóò wádìí rẹ̀. Judge ní kí ó wádìí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tún ẹ̀bẹ̀ náà gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Chú Tư sì máa lọ sílé rẹ̀, kí ó máa fọwọ́ síwèé lóṣooṣù bí ó ti ń ṣe.

Ọkọ̀ òfuurufú gbéra ní Wednesday láìsí òun nínú rẹ̀. Nínú basement ní Abbeydale, wọ́n ń ṣọdún. Àwòrán bàbá Linh ti padà sórí pẹpẹ, ti Chú Tư ti padà sínú àpótí. Ládélé pàápàá sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, ó gbàdúrà sórí ìrẹsì ní ìdákẹ́jẹ́, ó sì jẹ abọ́ méjì.

Wùnmí sún mọ́ Rodiyat. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo dúró sétí omi lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ dúró lójijì. Nígbà tí kùrukùru ká díẹ̀, mo yà á sí fóònù. Ẹsẹ̀ ọ̀nà méjì ni mo rí. Ta ló ni èkejì?"

Rodiyat rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo àwòrán orí pẹpẹ, ọkùnrin ọ̀dọ́ náà ń wò ó padà. Ó rántí ibi tí yìnyín ti dúdú. Ó rántí ife tó ṣófo.

"Apẹja kan ni," ó wí.

"Ó wọ inú àgọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó wá gba ibo jáde?"

Rodiyat nawọ́ sí ìrẹsì, ó bu díẹ̀ sí abọ́ tó wà níwájú àwòrán náà, nítorí ó ti fẹ́ tán.

"Jẹun, Wùnmí," ó wí. "Oúnjẹ ń tutù."